Irin 316L sán nínú omi tó mọ́: kí ló ṣẹlẹ̀ ní Civaux àti Penly?

Ọlọ́páìpù

Ẹ̀yin àgbà iṣẹ́, mo kí yín o. Ẹ jẹ́ ká jọ tú ọ̀rọ̀ kan wò. Ohun tí wọ́n sábà ń kọ́ wa nípa irin stainless ni pé kò lè sán nínú omi gbígbóná àfi tí kiloráìdì bá wà níbẹ̀, tàbí tí ọ́síjìn bá pọ̀ nínú omi, tí kábọ́ọ̀nù irin náà sì ga. Ra 304L tàbí 316L (oríṣi stainless tí kábọ́ọ̀nù wọn kéré), fọ omi rẹ mọ́, kí ọkàn rẹ balẹ̀.

Àwọn ará Faransé ṣe méjèèjì. Ní ìparí ọdún 2021, nígbà àyẹ̀wò ọlọ́dún mẹ́wàá ní ríákítọ̀ átọ́míìkì Civaux 1, EDF, ilé iṣẹ́ iná mànàmáná Faransé, rí ojú sísán lẹ́gbẹ̀ẹ́ wẹ́ẹ̀dì (ibi tí wọ́n ti fi iná jó irin pọ̀) lára páìpù 316L tí wọ́n fi ń tú omi pàjáwìrì sínú ríákítọ̀. Wọ́n pa Civaux 2 àti ríákítọ̀ Chooz méjèèjì láti yẹ̀ wọ́n wò. Penly 1 náà tẹ̀lé e. Oṣù kẹta 2023 ni èyí tó burú jù jáde, ní Penly 1 kan náà: ojú sísán tó gùn tó 155 mm, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìdá kan nínú mẹ́rin yíká páìpù, ó sì jinlẹ̀ dé 23 mm nínú irin tó nípọn 27 mm. Milímítà mẹ́rin ló kù.

Omi ibẹ̀ mọ́. Háídírójìn ni wọ́n ń fi sínú rẹ̀ kí ọ́síjìn má bàa gbérí. Kábọ́ọ̀nù irin náà kéré. Kí ló wá fà á?

Ayẹ̀wéwò

Ìwé ẹ̀rí irin náà ni kí ẹ yẹ̀ wò kọ́kọ́. Wọ́n lè ti ta 304 fún wọn pé 316L ni. Ó wọ́pọ̀.

Ọmọ_Ògún

Rárá o, Ayẹ̀wéwò. Wọ́n gé irin náà, wọ́n gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò, 316L náà ni. Ojú sísán náà sì ń gba ààlà àárín hóró irin (àwọn wóróworo kéékèèké tó para pọ̀ di irin) kọjá, kò la inú hóró. Bí ó bá jẹ́ pé irin ayédèrú ni, reactor kan ni à bá rí i, kì í ṣe oríṣi kan tí ríákítọ̀ mẹ́rin jọ ní.

Kí Kẹ́mísìrì_Omi kọ́kọ́ bá wa ya omi wọ̀nyí sọ́tọ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń da ọ̀rọ̀ pọ̀.

Kẹ́mísìrì_Omi

Ẹ ṣé, ọ̀gá. Oríṣi ríákítọ̀ méjì la ní láti fi sọ́kàn.

Èkíní ni èyí tí omi ti ń hó nínú ríákítọ̀ fúnra rẹ̀, ní nǹkan bí 288 °C. Ìtànṣán ń tú omi náà sí wẹ́wẹ́, ọ́síjìn inú rẹ̀ sì máa ń tó nǹkan bí 200 ppb (ìdá 200 nínú bílíọ̀nù kan). Ó dà bíi pé kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n tí ẹ bá wọn iná mànàmáná tó wà láàárín irin àti omi náà, ẹ máa rí i pé ó ga, ó sábà máa ń wà ní +100 sí +200 mV lórí òṣùwọ̀n háídírójìn. Ibẹ̀ ni irin 304 ti kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Ní 1974, ríákítọ̀ Dresden 2 ní Amẹ́ríkà rí i lára àwọn páìpù tó ń yí omi ríákítọ̀ po. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí: 304 lásán lè ní kábọ́ọ̀nù tó 0.08%. Nígbà tí wọ́n bá jó o pọ̀, irin ẹ̀gbẹ́ wẹ́ẹ̀dì máa ń pẹ́ díẹ̀ láàárín 450 àti 850 °C. Kábọ́ọ̀nù á fa kíróómù mọ́ra ní ààlà hóró, wọ́n á di kábáìdì, irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààlà náà á sì pàdánù kíróómù tó fi ń dáàbò bo ara rẹ̀. Tí kíróómù bá ti lọ sísàlẹ̀ 12%, ọ̀nà ti là fún omi.

Oògùn tí wọ́n rí fún un: háídírójìn sínú omi tí wọ́n ń bù kún ríákítọ̀, títí iná yẹn á fi lọ sísàlẹ̀ −230 mV. Wọ́n tún wá rí i pé bí wọ́n bá lẹ platinum díẹ̀ mọ́ ara irin, háídírójìn tí wọ́n nílò á dín kù gan-an. Ṣọ́fẹ́ẹ̀tì àti kiloráìdì náà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn má ju 5 ppb lọ.

Èkejì ni ríákítọ̀ tí wọ́n fi ìfúnpá 155 bar dí omi mọ́ kó má bàa hó. Irú rẹ̀ ni Civaux, Chooz àti Penly. Nínú èyí, ásíìdì bóríìkì àti lítíọ̀mù wà nínú omi, háídírójìn sì máa ń tó 25 sí 50 cm³ nínú kílò omi kan. Iná tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ti lọ sísàlẹ̀ −230 jìnnà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti tan án. Nítorí náà, àlàyé Dresden kò lè ṣiṣẹ́ fún Civaux. Ẹni tó bá ń wá kábáìdì ní ààlà hóró ń wá ohun tí kò sọnù.

Ọlọ́páìpù

Ó yé mi, ẹ ṣé. Nígbà náà, kí ló ń jẹ irin?

Ọmọ_Ògún

Omi tó gbóná tó nǹkan bí 300 °C kò nílò kiloráìdì kó tó sán irin. Ó kàn ń lọ díẹ̀díẹ̀ ni. Nǹkan méjì ló gbọ́dọ̀ pàdé nínú rẹ̀.

Ọ̀kan ni ìfà inú irin, ìyẹn agbára tó ń fa irin ya láti inú, bóyá ìfúnpá ló fà á tàbí wẹ́ẹ̀dì tàbí bí wọ́n ṣe so páìpù mọ́ àyè rẹ̀. Èkejì ni pé kí irin ti le ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí pé wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n lù ú, tàbí wọ́n lọ̀ ọ́ nígbà tó tutù. Stainless tó rọ̀ bó ṣe jáde láti inú ìléru kì í fẹ́ sán nínú omi tó ní háídírójìn. Fà á ní tútù kó fi 20% gùn sí i, kó o wá fi í sínú omi kan náà, ìwà rẹ̀ á yí padà. Nọ́ńbà tí àwọn oníṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò sábà máa ń dá ni 300 HV (òṣùwọ̀n bí irin ṣe le tó): lókè ibẹ̀ ni kí a ti máa ṣọ́ra. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi 280 sùn o. Nọ́ńbà tó ń tọ́ni sọ́nà ni, kì í ṣe ògiri.

Fún ẹ̀yin tó ń tẹ páìpù, ìṣirò kékeré kan wà tó ń ranni lọ́wọ́. Bí awọ ìta páìpù ṣe máa gùn sí nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ní tútù jẹ́ ìwọ̀n ìta páìpù tí a pín pẹ̀lú ìlọ́po méjì rédíọ́ọ̀sì títẹ̀. Tẹ̀ ẹ́ ní rédíọ́ọ̀sì tó jẹ́ ìlọ́po márùn-ún ìwọ̀n páìpù, 10% nìyẹn. Tẹ̀ ẹ́ ní ìlọ́po kan àbọ̀, ó di 33%. Èyí kejì gbọ́dọ̀ padà sínú ìléru ní 1040 sí 1120 °C, kí ẹ sì fi omi pa á kíákíá.

Àwọn ará Japan ti rí apá kan ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú. Nínú ríákítọ̀ tiwọn tí omi ń hó nínú rẹ̀, 316L tí kábáìdì kankan kò sí nínú rẹ̀ sán lára àgbá inú ríákítọ̀ àti lára páìpù. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí gríńdà àti ẹ̀rọ ìlọ̀ ti mú le. Awọ náà kì í ju ìdá díẹ̀ nínú milímítà kan lọ, ó sì tó láti ṣílẹ̀kùn.

Wáyà_Tútù

Ṣé kò wá yẹ kí gbogbo ríákítọ̀ Faransé ti sán báyìí? Wẹ́ẹ̀dì kan náà, irin kan náà, omi kan náà.

Ọmọ_Ògún

Ìbéèrè tó kan gógó ọ̀rọ̀ nìyẹn. Àwọn ríákítọ̀ 900 MW kò fi bẹ́ẹ̀ ní i. Àwọn 1450 MW mẹ́rin, ìyẹn Civaux àti Chooz, àti irú Penly 1 ní 1300 MW, ni ó kọlù jù. Ohun tó yàtọ̀ ni ọ̀nà tí páìpù gbà.

Páìpù pàjáwìrì yìí kì í ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Omi inú rẹ̀ dúró sójú kan láàárín páìpù ńlá ríákítọ̀ àti fáàfù àkọ́kọ́. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ń gba omi gbígbóná tó ń yí wọlé láti inú páìpù ńlá. Omi inú lọ́hùn-ún tutù. Níbi tí páìpù bá ti lọ gbọọrọ ní ìdùbúlẹ̀, omi gbígbóná á gun òkè, tútù á wà nísàlẹ̀, nínú páìpù kan náà. Òkè fẹ́ gùn, ìsàlẹ̀ kò fẹ́, páìpù á wá fẹ́ tẹ̀ bí ọrun. Bí àwọn ohun ìdè rẹ̀ kò bá jẹ́ kó tẹ̀, ìfà ló máa dà. Ẹ fi 50 °C ṣe àpẹẹrẹ ìyàtọ̀ òkè àti ìsàlẹ̀: pẹ̀lú 17 × 10⁻⁶ fún gígùn irin àti 180 GPa fún agbára rẹ̀, tí ẹ bá sọ mẹ́ta wọn di púpọ̀ tí ẹ sì pín in sí méjì, ẹ máa rí nǹkan bí 76 MPa lórí ohun tí wẹ́ẹ̀dì ti fi sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sì sí nínú ìṣirò tí wọ́n fi yàwòrán páìpù náà.

Bàbá_Wẹ́dà

Ẹ ti sọ ti páìpù, ẹ jẹ́ kí n sọ ti wẹ́ẹ̀dì, torí ojú sísán Penly 1 ti 2023 kò tiẹ̀ sí lórí apá tí wọ́n ń bẹ̀rù. Apá tí wọ́n ti kà sí aláìléwu nítorí bí páìpù ṣe gbà ni ojú sísán 23 mm yẹn wà. Ohun tó ya ojú wẹ́ẹ̀dì yẹn sọ́tọ̀ ni pé wọ́n ti tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé iṣẹ́ náà.

Kí ni àtúnṣe ń ṣe? Nígbà tí ẹ bá jó ìlà kan, tó bá ń tutù, ó ń sún kì, ó ń fa irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí ẹ tó kún irin 27 mm, ìdí wẹ́ẹ̀dì ti jẹ ìfà yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì ti le. Nínú wẹ́ẹ̀dì tó lọ déédéé lára irin tó nípọn bẹ́ẹ̀, ìfà wà ní awọ inú, ṣùgbọ́n tí ẹ bá wọnú irin lọ díẹ̀, ó máa ń yí padà di fífún. Ojú sísán tó bá bẹ̀rẹ̀ á bá fífún yẹn pàdé, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wúwo. Ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú àwọn tí EDF rí kò fi jìn.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi gríńdà gbẹ́ apá kan yíká, tí ẹ tún un kún, irin tútù tó yí i ká kò ní jẹ́ kó sún kì bó ṣe fẹ́. Ìfà á wá rìn jìnnà wọnú irin. Ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, fífún tó yẹ kó dá ojú sísán dúró lè má sí mọ́. Lójú tèmi, ìyẹn ṣe pàtàkì ju ọ̀rọ̀ omi lọ nínú ọ̀rọ̀ Penly.

Ohun tí mo máa ń béèrè lórí iṣẹ́ báyìí:

Kí ẹnu páìpù méjèèjì bára mu láìfi séènì búlọ́ọ̀kù fà á. Tí ìyàtọ̀ inú bá ju 1.5 mm lọ, ẹ tún ẹnu rẹ̀ gé. Ágọ́ọ̀nù nínú páìpù títí ọ́síjìn ibẹ̀ á fi wá sísàlẹ̀ 50 ppm (ìdá 50 nínú mílíọ̀nù kan), kí ẹ má sì pa á kí ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ tó wọlé. Ìlà tóóró tóóró, ẹ má máa gbọn ọwọ́ káàkiri. Kí irin tutù sí 150 °C, ó pọ̀ jù 175, kí ẹ tó bọ́ sórí ìlà tó kàn. Fílà (wáyà tí a fi ń kún wẹ́ẹ̀dì) 308L fún 304L, 316L fún 316L, kí ferrite (apá irin tí mágnẹ́ẹ̀tì ń fà) inú rẹ̀ má kéré. Gríńdà kò gbọ́dọ̀ kan awọ inú tí omi máa kàn, àfi tí ẹ bá máa fi sáńpépà tó ń kúnná sí i pa awọ líle yẹn rẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Àtúnṣe kan, mo lè gbà. Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ gé e kúrò, kí ẹ fi páìpù tuntun sí i. Ó wọ́n lówó lọ́jọ́ yẹn nìkan.

Ayẹ̀wéwò

Bàbá, kí ló dé tí a kò fi iná pa ìfà náà lẹ́yìn wẹ́ẹ̀dì, bí a ṣe ń ṣe fún irin dúdú? 600 °C, wákàtí kan fún ínṣì kan.

Bàbá_Wẹ́dà

Ẹ má dán an wò! 600 °C wà láàárín ibi tí Kẹ́mísìrì_Omi ní kíróómù ti ń sá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààlà hóró. Lára 304 lásán, ẹ máa pa ìfà díẹ̀, ẹ ó sì ba gbogbo irin náà jẹ́. 1040 °C sókè ló ń wo irú rẹ̀ sàn, ìyẹn sì ń fẹ́ ìléru tó lè gba odidi páìpù, pẹ̀lú omi tí ẹ máa rì í bọ̀.

Ohun tí a lè ṣe lójú iṣẹ́ ni kí a yí ìfà awọ inú padà di fífún. Tí ìlà àkọ́kọ́ àti ìkejì bá ti wọlé tí kò sì jò, ẹ jẹ́ kí omi máa ṣàn nínú páìpù bí ẹ ṣe ń kún ìyókù. Inú tutù, ìta gbóná, nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá tutù tán inú á wà ní fífún. Fún wẹ́ẹ̀dì tó ti pẹ́, wọ́n ń fi wáyà mànàmáná yí ìta ká kó gbóná nígbà tí omi ń ṣàn nínú, tàbí kí wọ́n fi ẹ̀rọ háídírọ́líìkì fún páìpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wẹ́ẹ̀dì. Wọ́n lo gbogbo ìwọ̀nyí ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Dresden. EDF ní tiwọn gé páìpù náà kúrò, wọ́n fi tuntun rọ́pò.

Ìyá_Ultrasonic

Ẹ kú iṣẹ́ o. Gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tó ń jó o ẹ ò mọ ohun tí ojú wa ń rí láti wá a rí.

Hóró inú wẹ́ẹ̀dì stainless tóbi, ó sì gùn sí apá kan. Ìró tí a bá rán wọlé á tẹ̀, á fọ́n ká. Póróòbù (ohun tó ń rán ìró wọlé) 45° lásán lè fi ìdí wẹ́ẹ̀dì hàn yín bí ojú sísán, tàbí kó fi ojú sísán hàn yín bí ìdí wẹ́ẹ̀dì. Èyí kejì ló ń pani. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe lára páìpù Civaux tẹ́lẹ̀, irú sísán tí ooru tó ń lọ tó ń bọ̀ máa ń fà ni wọ́n fi ń wá. Ìyẹn máa ń ṣe tààrà. Èyí ń gba ààlà hóró, ó ń pẹ̀ka, etí rẹ̀ kì í dá ìró padà dáadáa. Ní 2022 ni wọ́n wá ní ọ̀nà tuntun tó lè sọ bó ṣe jìn tó láìgé páìpù.

Tí ẹ bá ń ṣe tiyín: ẹ yẹ̀ ẹ́ wò láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wẹ́ẹ̀dì. Phased array (póróòbù tó lè rán ìró sí ọ̀pọ̀ igun) dára ju póróòbù kan lọ, kí ẹ sì fi ìgbì longitudinal (èyí tó ń mì síwá-sẹ́yìn lọ́nà tó ń gbà) wọ ibi tí ìró ní láti la wẹ́ẹ̀dì kọjá. Kí búlọ́ọ̀kù tí ẹ fi ń ṣe ìwọ̀n ní wẹ́ẹ̀dì gidi nínú, irin kan náà, nínípọn kan náà, kí ojú sísán inú rẹ̀ jẹ́ èyí tó pẹ̀ka. Ihò tí wọ́n fi ẹ̀rọ gé tààrà máa tàn yín jẹ. Jíjìn, orí ojú sísán ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe bí ìró ṣe ga tó. Ìró tó ga lè jẹ́ ti ojú sísán kékeré tó kọjú sí yín.

Tí ẹ bá sì fẹ́ gé e, ẹ má lo iná. Ayùn tútù, ó kéré tán 100 mm ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Kí ẹ tó gé, ẹ sàmì sí òkè páìpù àti ibi tí omi ń ṣàn lọ, kí ẹ fi pọ́ǹṣì lu àmì méjì yí ibi gígé ká, kí ẹ sì wọn àárín wọn. Lẹ́yìn gígé, ẹ tún un wọ̀n. Bí àmì náà bá jìnnà síra, páìpù náà wà lábẹ́ ìfà láti ọjọ́ tí wọ́n ti so ó. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé èyí, kò sì ṣeé ṣe lẹ́yìn tí ayùn bá ti kọjá.

Táǹkì90

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo ń mú ọ̀rọ̀ wá sílẹ̀. Tiwa kì í ṣe átọ́míìkì. Táǹkì omi gbígbóná 304, 90 °C, lágíǹgì (ohun tí a fi wé e kí ooru má bàa jáde) wà lára rẹ̀, ìta ló ń sán, kì í ṣe inú. Omi kànga ni à ń lò. Ṣé irú kan náà ni?

Kẹ́mísìrì_Omi

Àbúrò, ìbátan ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Tìrẹ ni èyí tí wọ́n kọ́ Ọlọ́páìpù, ti kiloráìdì. Tó o bá gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù, wàá rí i pé ó la inú hóró kọjá, ó sì pẹ̀ka bí gbòǹgbò. Láti nǹkan bí 60 °C sókè ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Omi ń wọ abẹ́ lágíǹgì, bóyá òjò ni, bóyá fáàfù kan ń jò. Ara táǹkì gbóná, omi ń gbẹ, iyọ̀ ń kù sílẹ̀, ó tún tutù, ó tún gbẹ. Omi tó ní 60 mg kiloráìdì nínú lítà kan lè di ẹgbẹẹgbẹ̀rún níbẹ̀. Lágíǹgì fúnra rẹ̀ lè ní kiloráìdì nínú. Nítorí náà, àyẹ̀wò omi inú táǹkì kò ní sọ nǹkan kan fún ọ.

Ṣí lágíǹgì kúrò pátápátá níbi tó ti ń sán, fi dáì (àwọ̀ tó ń wọnú ojú sísán kó lè hàn) wo ó kọjá ibi tí ojú ti rí, torí ó máa ń tẹ̀ síwájú ju bó o ṣe rò lọ. Má ṣe jó o lé orí ojú sísán; ooru á tún ṣí i síwájú. Gé e, kó o fi irin tuntun sí i. Kí lágíǹgì tó padà, kun ìta rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà epoxy tó lè gba ooru náà, tàbí kó o fi fọ́ìlì alumíníọ̀mù wé e. Lágíǹgì tí wọ́n ti dán wò fún stainless ni kó o rà. Kí wọ́n má fi tépù PVC kan ara irin náà, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ásíìdì tó ní kiloráìdì fọ̀ ọ́. Tó o bá máa yí táǹkì padà, 2205, oríṣi stainless mìíràn, dúró ti kiloráìdì ju 304 àti 316 lọ jìnnà.

Wáyà_Tútù

Ṣé 316 kò tó ni? Ọ̀pọ̀ èèyàn ń tà á gẹ́gẹ́ bí oògùn.

Kẹ́mísìrì_Omi

Ó sàn díẹ̀ sí 304 lórí ihò wẹ́wẹ́. Lórí sísán lábẹ́ lágíǹgì, ìyàtọ̀ náà kò tó owó tí wọ́n ń gbà lórí rẹ̀.

Ọlọ́páìpù

Mo dúpẹ́ púpọ̀. Ìbéèrè tó kù: bí a bá ń kọ́ páìpù tuntun lónìí, kí ni ká kọ sílẹ̀ kí ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ iwájú lè mọ ibi tó yẹ kó kọ́kọ́ lọ?

Bàbá_Wẹ́dà

Lẹ́yìn Penly, ohun tí EDF ní láti ṣe ni kí wọ́n padà sínú ìwé àtijọ́, kí wọ́n wá gbogbo wẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti tún ṣe rí, kí wọ́n sì gbé àyẹ̀wò wọn síwájú. Ìwé tó lè dáhùn ìbéèrè yẹn ni kí ẹ kọ.

Fún wẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan: nọ́ńbà irin méjèèjì àti kábọ́ọ̀nù wọn, bí ẹnu ṣe bára mu, iye ìlà, ooru tó wà lára irin kí ìlà kọ̀ọ̀kan tó wọlé. Tí àtúnṣe bá wà: ibi tó bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí lórí aago páìpù (bí nọ́ńbà aago ṣe máa yí páìpù ká), bó ṣe jìn tó, bóyá láti inú ni tàbí láti ìta, àti ẹ̀ẹ̀melòó. Ẹ má kàn kọ «ó ti tún ṣe, ó yege». Tí ẹ bá fi gríńdà kan awọ inú, ẹ kọ ọ́.

Ìyá_Ultrasonic

Ẹ fi àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kún un, pẹ̀lú fáìlì ìró náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe ìwé ìparí nìkan. Bí mo bá ní ti ọjọ́ tí páìpù náà jẹ́ tuntun, mo lè gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti òní, kí n mọ̀ bóyá ìdí wẹ́ẹ̀dì ni mo ń rí tàbí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.